Èrò kún ilé wa lọ́jọ́ ìṣílé, látìgbà náà kò sẹ́ni tó wọlé mọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní ilẹ̀ Benin la wà, èmi àtàwọn ọmọ bàbá mi méjì. Bàbá wa àgbà fi ilé sílẹ̀, a tún yàrá mẹ́ta ṣe níbẹ̀, a sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù, a kó nǹkan àtijọ́ sí i: ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́kànlá, àpótí ìjókòó, agogo, ìkòkò aró, fọ́tò àwọn àgbààgbà. Ọjọ́ tá a ṣí i, èrò kún àgbàlá, àwọn mériì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, wá, wọ́n gé rìbọ́nù. Oṣù mẹ́jọ rèé, òyìnbó kọ̀ọ̀kan tí zem, ọ̀kadà, bá gbé wá nìkan ló ń wọlé, àwọn ará àdúgbò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń kọjá nílé àlejò. Ẹnì kan wá ṣèlérí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ sẹfa fún wa, a fẹ́ fi ṣe àjọ̀dún ńlá ní Disẹ́ńbà kí wọ́n lè padà wá. Ṣé ọ̀nà nìyẹn? Mo fi fọ́tò yàrá àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ lè rí i.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀yin àbúrò mi. Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo, ni mo wà, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń bá mùsíọ́ọ̀mù kéékèèké ṣiṣẹ́, ìbéèrè yín yìí ni wọ́n sì máa ń bi mí jù, orúkọ ìlú ló kàn ń yàtọ̀. Kí n tètè dáhùn ti àjọ̀dún ná: ẹ má ṣe é. Ṣebí àjọ̀dún lẹ ṣe lọ́jọ́ ìṣílé, wọ́n wá, wọ́n jẹ, wọ́n jó, wọ́n lọ. Tẹ́ ẹ bá tún se ìrẹsì wọ́n á tún wá, ìrẹsì ni wọ́n wá bá.

Ohun tí èmi fẹ́ bi yín ni pé ère mọ́kànlá yẹn, ti ta ni? Mi ò bèèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ o. Mo ní agboolé wo ló ti jáde, ta ló gbé e jó kẹ́yìn, ọjọ́ tẹ́ ẹ sì lọ gbà á, kí lẹ sọ fún wọn pé ẹ máa fi ṣe? Tẹ́ ẹ bá lè dáhùn lórí gbogbo mọ́kànlá, iṣẹ́ yín ti fẹ́ẹ̀ parí. Tẹ́ ẹ ò bá lè dáhùn, ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ èrò ti dá. Ẹni tí àpótí ìyá ẹ̀ wà nínú ilé yín, tó mọ̀ pé ti ìyá òun ṣì ni, á máa yà wò ó bó ṣe ń yà wo ọmọ tó fi sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹni tó rò pé ẹ ti gbà á lọ gbére, kí ló fẹ́ wá ṣe? Nǹkan ẹ̀ ti di ti musée nìyẹn, ti ìjọba, ti òyìnbó.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé àwọn èèyàn wa ò fẹ́ràn mùsíọ́ọ̀mù. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé dá nǹkan 26 tí wọ́n kó ní Àbọ̀mẹ̀ padà ní 2021, tí wọ́n pàtẹ wọn sí Kùtọnù ní 2022, ṣé ẹ rántí bí èrò ṣe tò? Àwọn tí ò tíì wọ mùsíọ́ọ̀mù rí láyé wọn wọ aṣọ ọdún wá dúró lóòrùn. Ohun wọn ló dé, wọ́n wá kí i.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ara mi, kẹ́ ẹ má baà rò pé mo kàn ń bá yín wí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibì kan tí mi ò ní dárúkọ rán èmi àtẹnì kan lọ sí agboolé kan. A ya fọ́tò, a gba ohùn ìyá arúgbó kan sílẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta, ó kọrin, ó ki oríkì, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ́rùn fún wa pé ká lọ fi han àwọn èèyàn. A ní "màmá, tó bá fi máa poṣù kan a ó ti mú fọ́tò yín wá". Oṣù kan di ọdún méjì. Ìgbà tí mo padà débẹ̀ ìyá ti kú, wọn ò rí fọ́tò kan gbé síta lọ́jọ́ ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ ó lé ní ogún fọ́tò ẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ò bú mi. Ó kàn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò ní kí n wọlé. Látìgbà náà, fọ́tò tí mo bá yà nínú agboolé èèyàn, mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde kí n sì gbé e lọ fún wọn kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀, ì báà jẹ́ owó àpò mi ni.

Nítorí náà ẹ lọ ra kàyé ńlá kan, irú èyí tó léèpo líle táwọn onísọ́ọ̀bù fi ń kọ gbèsè. Kí ẹni méjì nínú yín máa lọ láti agboolé dé agboolé, ẹ mú fọ́tò nǹkan náà dání, ẹ má gbé nǹkan náà fúnra ẹ̀ o, ẹ lọ bá àgbà tó wà níbẹ̀, ẹ jókòó. Ohun tó bá sọ, bó ṣe sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ní Yorùbá, ẹ má túmọ̀ ẹ̀ sí Faransé láàárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi í pé, nǹkan yìí, ṣé ẹ fún wa ni, àbí ẹ yá wa, àbí ẹ ní ká bá yín tọ́jú ẹ̀ ni? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra lẹ́nu wa, ìjà tí mo ti bá wọn parí láàárín mùsíọ́ọ̀mù àti ará ìlú, ibi tí wọ́n ti da mẹ́ta yìí pọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́, kó tẹ̀ka sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́nì kan bá ní òun ń gba tòun padà, ẹ gbé e fún un, ẹ bá a gbé e délé pàápàá. Ó máa dùn yín, mo mọ̀. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ni tó gba nǹkan ẹ̀ padà tún gbé e wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tó sì fi òmíràn kún un, torí ó ti rí i pé ọwọ́ tó gbà á kò dì í.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Fombori, abúlé kan ní ilẹ̀ Dógọ̀n ní Mali. Wọ́n ń ta ohun àtijọ́ fáwọn oníṣòwò, torí ebi. Ní 1997 wọ́n dá ilé kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní báńkì àṣà: tó o bá gbé ohun ìdílé ẹ wá, wọ́n á kọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbé e sí mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n á sì fi ìyẹn yá ẹ lówó díẹ̀ tó o máa fi ṣòwò. Ìwọ lo ṣì ni ín. Ẹ wò ó bí ìwọ̀fà, àmọ́ tó jẹ́ pé ère ló ń sìn, èèyàn kọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ dá báńkì sílẹ̀ o, ẹjọ́ owó èlé nìkan á pa yín. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ohun tí wọ́n gbé wá ń ṣe wọ́n láǹfààní, ó sì ṣì ń jẹ́ tiwọn.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá le jù, torí Kétu lẹ wà, ta lẹ fẹ́ fi ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn ní Kétu? Ojú tó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ó dáa, ṣùgbọ́n èyí tó ń jó ni wọ́n ń wí, kì í ṣe èyí tó jókòó sórí pẹpẹ. Ohun tí UNESCO kéde ní 2001, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, kì í ṣe igi nìkan, orin wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ òru wà níbẹ̀. Nítorí náà tí àwọn tó ni ère bá fẹ́ gbé e jó, ẹ jẹ́ kó lọ. Kó tó lọ, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ yíká, ẹ kọ ibi tó ti sán àti ibi tí ọ̀dà ti ṣí, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé e àti ọjọ́ tó máa dá a padà. Tó bá dé, ẹ má gbé e padà sáàárín àwọn tó kù lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ gbé e sí yàrá ẹ̀yìn lórí bébà funfun fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ tó ń dà sórí bébà bí èlùbọ́, kòkòrò wà nínú ẹ̀, kò gbọdọ̀ wọlé bá àwọn yòókù. Èyí tí igi ẹ̀ ti jẹ wọnú kò ní lè jáde, ẹ wá bẹ agbẹ́gi ìlú lọ́wẹ̀ kó gbẹ́ òmíràn tí wọ́n á máa fi jó, ẹ ti rí ẹnì kan sí i tó ní nǹkan nínú ilé yín nìyẹn.

Ẹ lọ bá Ìyálàṣẹ, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pẹ̀lú, kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹlòmíràn gan-an ló yẹ. Ẹ bèèrè ohun tí ojú gbogbo ayé ò gbọdọ̀ rí. Tó bá ní kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan kúrò, ẹ gbé e kúrò, ẹ má bá a jiyàn pé àlejò fẹ́ wò ó. Tí olórin Ẹ̀fẹ̀ bá sì fi ilé yín ṣẹ̀fẹ̀ lóru ọjọ́ kan, kó ní ẹ kó àwọn ìyá wa sí túbú, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi yín kọrin lẹ ti di ará ilé.

Ti fọ́tò, èyí rọrùn, ó sì dùn. Ẹ má kó wọn sí yàrá inú lọ́hùn-ún. Ẹ tẹ ẹ̀dà wọn jáde kó tóbi, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ìta lábẹ́ ìbòòji òrùlé níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, ẹ má kọ orúkọ kankan sí i, ẹ kọ "Ta nìyí?" sábẹ́ ẹ̀, ẹ so báírò kan kọ́ ibẹ̀. A ṣe é níbí l'Ájàṣẹ́, nínú agboolé àwọn Àgùdà kan, ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wá. Láàárọ̀ kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá alákàrà kan tó ń gbé igbá lọ sílé dúró, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sọ igbá kalẹ̀, ó ní "ẹ gbà mí o, bùọ̀dá mi tó lọ Gàbọ́ọ̀nù rèé!" Bàbá kan ní irọ́ ni, ọmọ ilé kejì ni, ẹ wo fìlà ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú àwọn mẹ́rin ti ń jà lórí fìlà kan, wọ́n sì ti rán ọmọ lọ pe àgbà ilé wá. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi fẹ́ẹ̀ já.

Nǹkan kan tún wà. Ìgbà gbogbo kọ́ lẹ máa sọ̀rọ̀ àtijọ́. Ní 1967 Smithsonian, àjọ mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan l'Amẹ́ríkà, ṣí mùsíọ́ọ̀mù kékeré kan sí inú sinimá tí wọ́n ti tì pa ní Anacostia, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní Washington, l'Amẹ́ríkà. Ẹ mọ ohun tí wọ́n pàtẹ ní 1969? Eku. Eku ló ń yọ àdúgbò náà lẹ́nu, wọ́n kó eku ààyè wá gan-an, wọ́n ṣàlàyé ibi tó ti ń wá àti bí wọ́n ṣe ń lé e. Kí ni eku ti Kétu? Ẹ̀yin lẹ máa bèèrè, èmi ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan tí mo lè dá lábàá: ní 1886 tí Dàhòmì tú Kétu, tí wọ́n kó èèyàn lọ Àbọ̀mẹ̀, agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n gbà sá lọ àti ẹni tó kọ́kọ́ padà wá. Àwọn ọmọ lékọ́ọ̀lù ń kọjá lẹ́nu Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín, wọn ò mọ èyí tó kan ilé tiwọn. Ẹ bá tíṣà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ẹ má kọ lẹ́tà sí gbogbo lékọ́ọ̀lù, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi ìyá ẹ̀ àgbà, kó kọ ọ́ wá, yàrá kẹta yín ti kún nìyẹn. Ọmọ tórúkọ ẹ̀ bá wà lára ògiri á fa ìyá ẹ̀ wá.

Ti wákàtí àti tíkẹ́ẹ̀tì, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: ará ìlú kò gbọdọ̀ sanwó. Ẹ máa ṣí i nírọ̀lẹ́ táwọn èèyàn bá ti oko dé, àti lọ́jọ́ ọjà. Kí Yorùbá ṣáájú Faransé lára ohun tẹ́ ẹ bá kọ. Ní 2022 ni ICOM, àjọ mùsíọ́ọ̀mù àgbáyé, jókòó ní Prague kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìtumọ̀ mùsíọ́ọ̀mù pé àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí i. Àwọn ìyá wa ì bá ti sọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó yẹn ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ fún yín léèrè ohun tó ń wá, tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri kó tóbi ju ti àwọn tó ni nǹkan lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Tó bá wá láìsí wàhálà, ẹ tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé, ẹ ra bẹ́ǹṣì méjì sábẹ́ igi, ẹ tẹ fọ́tò, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó kù san owó fún ọmọ àdúgbò kan tí yóò máa jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ fún ọdún kan gbáko. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kan tó bá ilẹ̀kùn ní títì kì í tún wá mọ́. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú dáadáa, École du Patrimoine Africain, ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ohun àjogúnbá, wà níbí l'Ájàṣẹ́ láti 1998, ẹ wá bi wọ́n.

Nínú fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ère tí ejò wà lórí ẹ̀ lápá òsì, mo rí ihò wẹ́wẹ́ létí ẹ̀ nísàlẹ̀, ohun funfun kan sì wà lórí pẹpẹ lábẹ́ ẹ̀. Ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn tó kù lónìí yìí, kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó ni ín lọ.