Kí Ló Mú Kí Ìwé Òfin Íńdíà Pẹ́ Tó Bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Oṣù Kẹjọ 1947 ni Íńdíà gba òmìnira, ṣùgbọ́n 1950 ni ìwé òfin wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ni wọ́n ń ṣe láti ìgbà yẹn? Ṣé lóòótọ́ ni pé Ambedkar, mínísítà ètò òfin wọn nígbà yẹn, nìkan ló kọ ọ́?

Ìdáhùn: Rárá o, òun nìkan kọ́. Òmìnira ò tíì dé rárá tí àpéjọ tó fẹ́ ṣe òfin náà ti kọ́kọ́ jókòó ní Delhi, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1946. Kí wọ́n tó kọ abala kankan, wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí òfin náà máa dúró lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín iṣẹ́ fún àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké: ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́tọ̀, agbára ìjọba àpapọ̀ lọ́tọ̀, ti ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀. B. N. Rau, olùdámọ̀ràn lórí òfin, ló sọ àbọ̀ wọn di àbá kan ṣoṣo. Àbá yìí ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí Ambedkar jẹ́ alága fún gbà, tí wọ́n tún kọ. Nínú àwọn méje náà, ẹnì kan fiṣẹ́ sílẹ̀, ikú mú ẹnì kan, ẹnì kan sì wà ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi pọ̀ lọ́rùn Ambedkar.

Wọ́n tẹ àbá náà jáde ní oṣù Kejì 1948 kí ará ìlú lè sọ tẹnu wọn. Láti oṣù Kọkànlá 1948 títí di oṣù Kẹwàá 1949 ni wọ́n wá ń gbé e yẹ̀ wò ní abala kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni àkókò lọ sí. Àtúnṣe 2,473 ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú àpéjọ. Ẹni tó bá mú àtúnṣe wá á ṣàlàyé, àwọn mìíràn á ta kò ó, Ambedkar á fèsì, wọ́n á wá dìbò. Abala 315 tó wà nínú àbá di 395.

Ọ̀rọ̀ èdè ló le jù. Àwọn ará gúúsù ń bẹ̀rù pé Hindi, èdè àwọn ará àríwá, á gba iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Níkẹyìn, wọ́n fi Hindi ṣe èdè ìjọba, wọ́n sì ní kí Gẹ̀ẹ́sì ṣì máa bá a lọ fún ọdún 15. Lójú tiwa, ṣe ni wọ́n sún ìjà yẹn síwájú: nígbà tí ọdún 15 pé ní 1965, jàgídíjàgan bẹ́ sílẹ̀ ní Madras, ní gúúsù.

Ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 1949 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró de ọjọ́ 26 oṣù Kìn-ín-ní 1950 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ òṣèlú Congress, tó ń jà fún òmìnira, kéde ní 1930 pé òmìnira pátápátá ni àwọn ń fẹ́.

Ìbéèrè: Pakísítáánì ńkọ́?

Ìdáhùn: Tiwọn di iṣu-ata-yán-an-yàn-an. Apá méjì ni orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, ilẹ̀ Íńdíà ló là wọ́n láàárín. Apá ìlà-oòrùn ló ní èrò jù, apá ìwọ̀-oòrùn ni agbára wà, wọn ò sì rí bí wọ́n ṣe máa pín àga ilé aṣòfin. Ní oṣù Kẹwàá 1954, gómìnà àgbà wọn, Ghulam Muhammad, tú àpéjọ tó ń ṣe òfin wọn ká. Àpéjọ tuntun ló parí ìwé òfin ní 1956. Ní oṣù Kẹwàá 1958, wọ́n fagi lé e, àwọn ológun sì gbàjọba.