Ẹ Bi Rẹfirí: Ọmọ mi kì í bá wọn ṣe àmín

Ìbéèrè: Bàbá Rẹfirí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 16, ń gbá bọ́ọ̀lù ní akádẹ́mì kan. Mùsùlùmí ni wá. Kí wọ́n tó wọ pápá, kóòṣì wọn á gbàdúrà lórúkọ Jésù, gbogbo wọn á sì ṣe àmín. Ọmọ mi máa ń bá wọn dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmín. Kóòṣì ní agídí ni, ó sì ti fi í sórí bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbá góòlù wọlé, ó foríkanlẹ̀. Kóòṣì ní bó bá tún dán an wò, káàdì ni rẹfirí máa fún un. Ṣé bẹ́ẹ̀ lòfin wí?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Rárá o, òfin ò wí bẹ́ẹ̀. Ọdún 22 ni mo fi fọn fèrè. Bíbọ́ ẹ̀wù lẹ́yìn góòlù ló ń fa káàdì yẹ́lò, òfin ò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí ti òṣèlú lára aṣọ agbábọ́ọ̀lù. Ìforíkanlẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ṣebí gbogbo ayé ló ti rí Mohamed Salah tó foríkanlẹ̀ ní Liverpool.

Nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáré, àwọn rẹfirí ṣe àṣìṣe yẹn rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Husain Abdullah ti Kansas City Chiefs já bọ́ọ̀lù tí Tom Brady ti ẹgbẹ́ kejì jù gbà lójú ọ̀nà, ó gbé e sáré dópin pápá, ó foríkanlẹ̀. Wọ́n fi yáàdì 15 jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ níyà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àjọ NFL tó ń darí eré náà fúnra wọn ní kò yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti kóòṣì yẹn ló dùn mí jù. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mo mọ bí àdúrà ṣe ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀ kó tó wọ pápá. Ṣùgbọ́n àmín tí wọ́n fi bẹ́ǹṣì gbà lẹ́nu ọmọ, ta ni wọ́n ń ṣe é fún?

Èmi náà ti ṣẹ ọmọ kan rí. Ìdíje àṣekágbá ni, nínú ààwẹ̀, níbàdàn. Oòrùn ti wọ̀. Ọmọ náà sáré wá bá mi, ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó di omi inú ọ̀rá mú létí pápá. Mo ní, "Gbá bọ́ọ̀lù!" Nígbà tí mo fọn fèrè ìsinmi, mo rí i tó ń fi eyín ya ọ̀rá náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ọrùn ni ìdajì omi náà dà sí. Ọwọ́ yẹn ò kúrò lójú mi títí dòní.

Kí ni ì bá ná mi? Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2021, Leicester ń gbá pẹ̀lú Crystal Palace nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ààwẹ̀. Wọ́n ti jọ fẹnu kò ṣáájú eré pé àwọn tó ń gbààwẹ̀ á ráyè ṣínu. Nígbà tí àkókò ìṣínu tó, Guaita, aṣọ́lé Palace, kò tètè gbá bọ́ọ̀lù tó wà lójúlé rẹ̀. Wesley Fofana àti Cheikhou Kouyaté lọ sétí pápá, wọ́n ṣínu, eré sì ń lọ.

Ìyá wa, ẹ má bá kóòṣì jà lójú àwọn ọmọ. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání, ẹ lọ bá a lẹ́yìn ìdánrawò. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wọn ní ìṣẹ́jú kan, kí oníkálukú bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkàn, kí wọ́n wá jọ pariwo orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Bó bá ní ẹ̀sìn ọmọ yín ń dí i lọ́wọ́, ẹ sọ ti Hakeem Olajuwon fún un, ọmọ Èkó tó gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún Houston Rockets ní Amẹ́ríkà: oṣù kejì ọdún 1995 tó fi gbààwẹ̀ náà ni NBA, àjọ tó ń darí eré náà níbẹ̀, fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù nínú oṣù.

Bí kò bá sì gbọ́, ẹ kọ̀wé padà sí mi. Ìbàdàn sí Ìṣẹ́yìn ò jìnnà, màá fẹsẹ̀ ara mi wá bá a.