Kí ló dé tí iyọ̀ fi ń ṣomi lásìkò òjò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Oúnjẹ ni mò ń tà n'Íbàdàn. Bí òjò bá ti dé báyìí, iyọ̀ inú ike mi á máa ṣomi, tó bá tún gbẹ, á dì gbagidi. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi ni? Mo máa ń da omi yẹn nù.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Kì í ṣe ayédèrú, kò sì bàjẹ́. Ẹ bu díẹ̀ sórí aṣọ dúdú, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́fà, bíi dáìsì tí a fi ń ta lúdò. Sódíọ̀mù àti kilorínì ló para pọ̀ di iyọ̀. Èkíní ń bú gbàmù tó bá kan omi, èkejì jẹ́ afẹ́fẹ́ olóró, síbẹ̀ àwọn méjèèjì náà là ń fi sọ́bẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú débi pé iná ìdáná kò lè yọ́ iyọ̀, àfi tí ooru bá tó 801°C.

Omi ní tiẹ̀ kò nílò iná. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 75 nínú 100, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra, òwúrọ̀ òjò níbí sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Tí wọn kò bá yọ magnísíọ̀mù, èròjà kan tó ń tètè fa omi mọ́ra ju iyọ̀ lọ, kúrò lára iyọ̀ dáadáa, kò tiẹ̀ ní dúró dìgbà náà. Bí oòrùn bá wá ràn, omi á gbẹ, èyí tó ti yòrò lára àwọn ẹyọ náà á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Omi tí ẹ ń dà nù yẹn ló ká mi lára jù. Láti 1993 ni wọ́n ti ní kí áyódìn, èròjà kan tí ara nílò, máa wà nínú iyọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí gẹ̀gẹ̀ àti nítorí ọpọlọ ọmọ inú oyún. Áyódìn yìí ń bá omi ṣàn lọ sísàlẹ̀ ike. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi sebẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ bù ú: 100 gíráàmù omi lè gbé iyọ̀ tó nǹkan bí 36 gíráàmù.

Ẹ gbé ike náà jìnnà sí ìkòkò tó ń hó, kẹ́ ẹ sì fi ṣíbí gbígbẹ bu iyọ̀. Ìrẹsì tí àwọn kan ń dà sí i ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, àmọ́ ìdérí tó dé pinpin ló jù. Èyí tó ti dì, ẹ fi ọmọ ọlọ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa lò ó.