Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó há: ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó ra òmíràn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá káfíńtà. Lugbe ni à ń gbé, ilé àyágbé ni. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ni ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá kan ti ń yọ wá lẹ́nu. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kì í padà sókè mọ́, àfi ká fọwọ́ gbé e. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá ọkọ mi ti ilẹ̀kùn náà mọ́ra, ó sì tó wákàtí kan kó tó rí ọ̀nà jáde. Bàbá ìbejì ní ká kúkú pe ẹni tó máa fi òòlù fọ́ ọ, ká ra tuntun. Ṣé mo lè yọ ọ́ fúnra mi? Kí sì ni kí n béèrè tí mo bá dé ọjà? (Ìyá ìbejì, Lugbe, Abuja)

Ìdáhùn: Ìyá ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi kí Màámà pé wọ́n kú ewu. Ẹ sọ fún Bàbá ìbejì pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ lè yọ ọ́ fúnra yín. Síkúrùdíráfà olójú pẹlẹbẹ kan, olójú àgbélébùú kan, abẹ kan àti ẹ̀mú ti tó fún iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ọwọ́ tí ẹ ń rí lóde yẹn, òun kọ́ ló sábà máa ń ṣàìsàn. Nǹkan mẹ́ta ló so kọ́ra níbẹ̀. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ wà, lọ́tùn-ún lósì. Irin onígun mẹ́rin kan wà tó gba inú igi kọjá láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Àpótí kọ́kọ́rọ́ sì wà tí wọ́n rì sínú ilẹ̀kùn, tí ahọ́n rẹ̀ ń yọ síta létí igi. Àìmọye ló ti ra ọwọ́ tuntun kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n á dè é tán, á dùn ún wò, bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì á tún há, nítorí inú àpótí ni àrùn wà.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ fi àga tì í kí atẹ́gùn má bàa gbá a pa. Ẹ má ṣe tú ohunkóhun lára ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Mo ti gbàgbé láti fi nǹkan tì í rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́: mo yọ ọwọ́ méjèèjì, mo fa irin jáde, atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn pa mọ́ mi nínú ilé ìwẹ̀, síkúrùdíráfà mi sì wà níta. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó ṣí i.

Ẹ wá tẹ ọwọ́ náà bí ilẹ̀kùn ṣe wà ní ṣíṣí. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀ láìsí wàhálà, tó jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tì í nìkan ló ń há, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀, férémù ni kí ẹ lọ wò. Ahọ́n ti ń fi ara ha irin tó wà létí férémù. Ìgbà òjò, bí oṣù Keje sí Kẹsàn-án, ni mo sábà ń rí irú rẹ̀, nígbà tí igi bá ti mu omi tó sì wú. Ṣùgbọ́n igi máa ń gbẹ tó sì máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́, nítorí náà n kò fura sí férémù tiyín. Eruku ni mo fura sí.

Ohun kejì kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tú àwọn síkúrù ojú pátákó irin tó gbé ọwọ́ dúró, ìdajì yíyí péré, kí ẹ tún tẹ ọwọ́. Ó lè fò padà sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó dè é ló ti fún un jù, tí pátákó méjèèjì fi fún irin àárín mọ́ra. Mo ti gba owó ọkọ̀ láti Kubwa dé Gwarinpa nítorí ìdajì yíyí yìí, ojú sì tì mí láti gba owó iṣẹ́ lé e.

Bí kò bá fò padà, ó di yíyọ. Àwọn akunlé wa kì í bọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó kùn ún, nítorí náà ẹ fi abẹ la ọ̀dà yí etí pátákó náà ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bó ọ̀dà igi mọ́ra. Ẹ wo abẹ́ ọrùn ọwọ́ náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ihò kékeré kan níbẹ̀, bí èyí tí kòkòrò dá sára ẹ̀wà, síkúrù tí kò lórí wà nínú rẹ̀, Allen key, irin tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́fà tó tẹ̀ kọdọrọ, ni wọ́n fi ń tú u. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló ní in. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà ní ilé àyágbé, síkúrù ojú pátákó nìkan ló dì í mú. Síkúrù tí orí rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó lé e lórí kí ẹ tó tẹ síkúrùdíráfà mọ́ ọn, á gbá a mú.

Nígbà tí ọwọ́ méjèèjì àti irin àárín bá ti kúrò, ihò onígun mẹ́rin ló kù lójú àpótí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ ti síkúrùdíráfà olójú pẹlẹbẹ bọ ihò náà, kí ẹ yí i bí ìgbà tí ẹ ń tẹ ọwọ́. Bí ahọ́n bá wọlé tó sì yọ padà fúnra rẹ̀, ara àpótí yá, ọwọ́ ni kí ẹ lọ rà. Bó bá wọlé tí kò yọ, tàbí tó ń rìn bí ẹni tó ń jí oorun, àpótí ni.

Láti yọ àpótí, ẹ tú síkúrù méjì tó wà létí ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ irú èyí tí ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ ṣeé fà yọ, síkúrù gígùn kan tún wà ní àárín etí náà tó dì í mú. Ẹ tú u, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ yí i díẹ̀ kí eyín tó yọ lára rẹ̀ lè wọlé, yóò fà jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi síkúrùdíráfà rọra tì àpótí láti inú ihò onígun mẹ́rin bọ́ síta. Ẹ má fi ẹ̀mú fa ahọ́n rẹ̀.

Ọdún kan rèé ní Kubwa, mo tú irú àpótí bẹ́ẹ̀ lójú onílé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí àmàlà tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Òróró ẹ̀pà ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀ lọ́dọọdún tó bá ti ń há. Òróró mú eruku ọyẹ́, eruku mu òróró, sípíríńgì kò sì rí ibi na ara sí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, òróró àti epo pupa, inú ọbẹ̀ ni ààyè wọn. WD-40, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo, dára láti fi fọ ìdọ̀tí àti láti tú ohun tó dípẹtà, ṣùgbọ́n lílé omi dànù ni “WD” inú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Kì í pẹ́ lára irin. Ẹ fọ̀ ọ́ tán, ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ fi gírísì díẹ̀ kan sípíríńgì. Ní ti ihò kọ́kọ́rọ́, ẹ fi pẹ́ńsù kun eyín kọ́kọ́rọ́ dúdú, kí ẹ tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ fà á yọ nígbà bíi mẹ́wàá. Eruku kì í lẹ̀ mọ́ dúdú pẹ́ńsù.

Bí sípíríńgì bá ti kán, ẹ ra àpótí míì. Ẹ gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà ohun èlò ìkọ́lé ní Dei-Dei, àti ọwọ́ àti irin. Ẹ má gbára lé “ó jọ ọ́”. Ẹ wọn àárín ihò onígun mẹ́rin sí àárín ihò kọ́kọ́rọ́: ó lè jẹ́ mìlímítà 72, ó lè jẹ́ 85. Mẹ́tàlá tó wà láàárín wọn yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ padà sọ́jà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wọn etí ilẹ̀kùn sí àárín ihò onígun mẹ́rin pẹ̀lú, àti bí igi ṣe nípọn tó. Irin àárín sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 8, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ yàtọ̀ síra.

Tí ẹ bá ń dá a padà, kí ojú ahọ́n tó dagun kọ sí ìhà tí ilẹ̀kùn ń tì sí. Bí ihò síkúrù bá ti gbòòrò, igi ìṣáná méjì àti gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà á dí i. Ẹ má fún síkúrù jù, ẹ sì dán an wò ní ṣíṣí kí ẹ tó tì í. Ilẹ̀kùn irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ahọ́n tirẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ sọ fún onílé kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì tọ́jú ti àtijọ́ sínú ọ̀rá. Onílé míì máa ń béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.

Títí ẹ ó fi ráyè, ẹ wá aṣọ tó nípọn díẹ̀, kí ẹ so ó láti ọwọ́ iwájú dé ọwọ́ ẹ̀yìn, kó gba orí ahọ́n kọjá. Ilẹ̀kùn kò ní lè wọ férémù tán, Màámà á sì lè tì í bó ṣe wù wọ́n.