Nípa fífi kayak pa redfish nínú omi tí kò jìn: ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́

Arákùnrin wa, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Houston ní Texas, ẹ fẹ́ máa fi kayak, ọkọ̀ kékeré tóóró yẹn, pa redfish, ẹja kan tó jẹ́ ìbátan ẹja àpò, nínú àwọn ọ̀sà tó wà lápá Galveston létí òkun, ẹ sì fẹ́ kí a sọ irú ìjẹ tó dára jù fún yín, àti bóyá ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà ni kí ẹ rà tàbí èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún èmi nígbà tí mo béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́dún 2019, nítorí díẹ̀ ló kù kí ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún mi.

Etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí, mo sì ti ń wa ọkọ̀ kí n tó mọ ìwé kà. Mímọ̀ tí mo rò pé mo mọ omi yìí gan-an ló kó bá mi. Ọkùnrin tó ta kayak fún mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni mo ń bẹ̀rù, pé omi ibi tí mò ń lọ kò ju orúnkún lọ, bí ọkọ̀ bá dojú dé kí n ṣáà dìde dúró. Mo gbà á gbọ́, nítorí lójú ẹni tó mọ ọ̀sà tó jìn, omi orúnkún kì í ṣe omi. Ohun tí kò sọ ni pé omi orúnkún lè di omi ọrùn ẹsẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, kí ó sì di ẹrọ̀fọ̀ lásán kí oòrùn tó wọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù kẹwàá ni. Mo gba ẹ̀bá Follets Island, erékùṣù tóóró kan, wọ Christmas Bay, ọ̀sà kan lápá Galveston. Òwúrọ̀ yẹn móoru, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti gúúsù, ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo wọ̀. Mo tọpa redfish méjì gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan wọ inú adágún kékeré tó wà láàárín koríko àbàtà. Wọ́n dorí kodò, wọ́n ń wú akàn àti edé jáde nínú koríko abẹ́ omi, ìrù wọn yọ sókè, àmì dúdú tó wà nídìí ìrù náà sì hàn kedere. Ẹni tó bá ti rí i rí mọ̀ pé èèyàn kì í rántí ohun mìíràn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo pa ọ̀kan, mo ń lé èkejì, n kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, atẹ́gùn dákẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ó yí padà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti àríwá tagbáratagbára, bí ọyẹ́ tó fi ìbínú dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní etí òkun Texas, òṣùpá kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára lórí omi ọ̀sà, nítorí kíkún àti fífà rẹ̀ kò sábà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gúúsù ti ń ti omi òkun wọlé, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àríwá tó ń bá òtútù dé ń gbá omi ọ̀sà jáde sínú òkun, omi náà kì í sì í padà tán títí afẹ́fẹ́ ọ̀hún yóò fi rọlẹ̀, èyí tó lè di ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó rántí ẹnu ọ̀nà tóóró tí mo gbà wọlé, òkìtì ọ́ísítà, ẹran omi tí ìkarahun rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ti yọ orí síbẹ̀, omi kò sì sí mọ́. Ọkọ̀ mi jókòó sórí ẹrẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti fà á, ẹsẹ̀ mi rì dé itan, bàtà mi kan sì wà nínú ẹrẹ̀ yẹn títí di òní. Ibi tí mo wa ọkọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ gbà mí ní wákàtí márùn-ún. Mo dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ara mi lọ bí ọmọ tó ń rá, òtútù ń gbọ̀n mí, fóònù mi sì ti mu omi. Níbi tí mo ti ń gun òkìtì ọ́ísítà yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán ni ìkarahun ti la àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí abẹ fẹ́lẹ́.

Mo délé, mo fọ egbò náà, mo dì í. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ ti wú. Dókítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá kò lo ìṣẹ́jú méjì lórí mi. Mo sọ fún un pé inú omi òkun ni mo ti ṣèṣe, ó ní òun ti gbọ́, ó kọ oògùn ìrora, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn ìléròrò tó dúdú bí aró ti bo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi, ibà sì ti mú mi. Ní ilé ìwòsàn kejì, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọdé sí mi ló béèrè ohun tó yẹ kí ọ̀gbẹ́ni yẹn béèrè: ṣé omi iyọ̀ kan egbò yìí? Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Wọ́n fa oògùn sí mi lára, wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, mo sì sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Vibrio vulnificus ni, èyí tó ń gbé nínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti nínú ọ́ísítà. Nínú ènìyàn márùn-ún tó bá mú, nǹkan bí ẹnì kan ló ń kú, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀, ewu tiyín tún ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ẹ bá fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì wú, ẹ dá orúkọ kòkòrò náà fún dókítà fúnra yín, kí ẹ má sì kúrò níwájú rẹ̀ bó bá tilẹ̀ ń wojú yín bí ẹni tó ń ṣe àṣejù.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo ìkéde ojú ọjọ́ ti orí omi, kí ẹ sì wo ìkànnì NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, tó ń ṣàfihàn ìwọ̀n omi. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni ohun tí wọ́n ti ṣírò tẹ́lẹ̀ nípa òṣùpá àti oòrùn, èyí tí kò mọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́. Èkejì ni ibi tí omi wà gan-an lásìkò náà. Bí èkejì bá ń lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tàbí tí wọ́n bá ní òtútù ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má wọ adágún ẹ̀yìn kankan, ì báà jẹ́ pé ẹja ń jó níbẹ̀. Ẹ wọ bàtà onítẹ̀ẹ́lẹ̀ líle tí a so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹ bá ń rìn, kí stingray, ẹja pẹlẹbẹ tó ní ẹ̀gún olóró nírù, lè gbọ́ yín kí ó sì sá. Ẹ kó aṣọ gbígbẹ sínú àpò tí omi kò lè wọ̀. Ẹ̀wù ìléfòó àti fèrè wà nínú òfin, n kò ní sọ púpọ̀ lórí wọn. Ẹ má sún mọ́ San Luis Pass rárá, níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun nítòsí Christmas Bay, nítorí omi tó ń ṣàn gba ibẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ẹja pípa náà wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà ní Texas, ìwé àṣẹ àlejò ni ẹ máa rà, ó sì wọ́n ju ti onílé lọ. Redfish mẹ́ta péré ni ẹnì kan lè mú lóòjọ́, gígùn wọn kò sì gbọdọ̀ dín ní íǹṣì 20 tàbí kó ju 28 lọ, àfi ńlá kan tí wọ́n fún yín ní àmì fún lára ìwé àṣẹ. Mo mọ̀ pé ẹ máa rí àwọn ìyá olóúnjẹ wa tí wọ́n máa fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín, nítorí ìbátan ẹja àpò ni redfish, ọbẹ̀ ata sì bá a mu gan-an. Ẹ má tà á. Láti ọdún 1981 ni Texas ti fi òfin de títa redfish tí a pa nínú omi rẹ̀, èyí tí ẹ sì ń rí ní ilé oúnjẹ, ẹja ọ̀sìn ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ní ti ìjẹ tí ẹ béèrè, edé ààyè lábẹ́ kọ́ọ̀kì tó ń dún lórí omi kì í já ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kulẹ̀. Bí koríko bá pọ̀, ẹ lo ìjẹ irin aláwọ̀ wúrà tó rí bí ṣíbí, tí ìwọ̀ rẹ̀ kì í kó koríko, kí ẹ jù ú kọjá iwájú ẹja, kì í ṣe lé e lórí. Ẹ má jẹ́ kí àjẹ̀ kan ara ọkọ̀. Àwọn nǹkan yòókù, ọwọ́ yín yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ti ọkọ̀, èyí tí a ń fi àjẹ̀ wà ni kí ẹ rà. Ohun tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ fi ń tì í síwájú wà lábẹ́ rẹ̀, koríko máa ń wé e, ọ́ísítà a sì máa kán an, bí omi bá sì ti lọ sílẹ̀, ẹ máa fà á sókè, ẹ máa padà sórí àjẹ̀ náà ni. Owó tó bá ṣẹ́ kù lórí rẹ̀, ẹ fi ra bàtà tí mo wí.