Ṣé jẹjẹrẹ ìyá lè ran ọmọ inú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ìyàwó wa, aya àbúrò mi, lóyún oṣù mẹ́fà. Kókó kan yọ sí i lọ́mú òsì, a sì rò pé wàrà ló dì síbẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Kútọnu ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́sẹ̀ yìí, kò gbà. Ó ní oògùn á pa ọmọ, àfi tóun bá bímọ ná. Ìyá wa sì ń sọ pé àìsàn náà ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí la ó ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú aájò ìyàwó yín o. Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni màá kọ́kọ́ mú, torí mo mọ̀ pé òun ló ń gba oorun lójú aboyún náà, bí kò tilẹ̀ wí.

Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í pò pọ̀. Olóbi ló wà láàárín wọn. Oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n agbára káká ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ìyẹn ẹyọ ara tíntìntín tó di jẹjẹrẹ, fi ń rí àyè kọjá. Bí ẹyọ kan bá tiẹ̀ yọ́ wọlé, ìdajì ohun tó wà lára ìyá ni ọmọ jogún, ìdajì tó kù ṣàjèjì sí i, nítorí náà ara ọmọ sábà máa ń dá a mọ̀, á sì pa á. Ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ti jẹjẹrẹ ìyá tó ran ọmọ inú sílẹ̀ ní 1866, àwọn tó sì ṣírò rẹ̀ ní nínú 500,000 ìyá tó ní jẹjẹrẹ, bí ẹyọ kan ló ń ran ọmọ rẹ̀. Nínú ìwọ̀nba tó sì ṣẹlẹ̀, mẹlanómà, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ ara, ló wọ́pọ̀ jù. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ní 2021, àwọn oníṣègùn Jápáànù sọ ti ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan ọmọ oṣù 23, èkejì ọmọ ọdún 6, tí jẹjẹrẹ wà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmì tó ń sọ ènìyàn di ọkùnrin kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà rárá: ti ìyá wọn ni. Ẹnu ilé ọmọ làwọn ìyá náà ti ní in, àwọn ọmọ sì fà á símú nígbà tí wọ́n ń gba ojú ara jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ronú iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde fún aboyún tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ti ìyàwó yín kì í ṣe èyí.

Ó kan ọ̀rọ̀ oògùn wàyí. Ìbẹ̀rù ìyàwó yín kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ̀yà ara ọmọ ń mọ, a kì í fún aboyún ní ṣimió, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Oyún oṣù mẹ́fà ti kọjá ibẹ̀. Àwọn oògùn ṣimió kan wà tí a ti ń lò fún aboyún láti ọ̀sẹ̀ 14 lọ, a ó sì dá a dúró ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bímọ. Tamoxifen àti trastuzumab, oògùn jẹjẹrẹ ọmú mìíràn, àti iná tí wọ́n fi ń sun jẹjẹrẹ ló gbọ́dọ̀ dúró di ẹ̀yìn ìbímọ. Ní 2015, oníṣègùn Frédéric Amant ti Bẹ́ljíọ̀mù àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọmọ 129 wò tí ìyá wọn ní jẹjẹrẹ nígbà oyún wọn. Ohun tó pa òye àwọn kan lára nínú wọn ni pé oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú fa ọmọ jáde kí ìyá lè ráyè gba ìtọ́jú. Kí ìyá sì dúró láìgba nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn ni mo ń bẹ̀rù jù lọ, nítorí jẹjẹrẹ ọmú kì í dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Bó bá ti bímọ, wàrà rẹ̀ kò lè kó jẹjẹrẹ ran ọmọ, ṣùgbọ́n oògùn ń bá wàrà jáde. Kó má fún un lọ́mú níwọ̀n ìgbà tó bá ń gba ṣimió.

Nǹkan kan wà tí ẹ ní láti bá àwọn àgbà ilé sọ kó tó dọjọ́ náà: olóbi, torí a ó gé díẹ̀ lára rẹ̀ láti wò ó bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Mo rántí ìyá ọkọ kan níbí ní Àjàṣẹ́, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ, tó gbé ìkòkò amọ̀ lé itan, tó ní ọ̀bẹ kan kò ní kan olóbi ọmọ-ọmọ òun, nítorí ẹni tó gé olóbi gé ọmọ. Ó tó wákàtí kan tí mo fi jókòó tì í. A gé díẹ̀díẹ̀, kò ju èékánná lọ, níbi márùn-ún, a kó ìyókù sínú ìkòkò rẹ̀, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí ó ti yẹ. Èyí tí a gé ló ń lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú olóbi, kò tíì túmọ̀ sí pé ó ti dé ara ọmọ. A ó kàn máa yẹ ọmọ wò léraléra, awọ ara rẹ̀, ikùn rẹ̀, bó ṣe ń wọ̀n sí i.

Ẹ bá ìyàwó yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Kí ìyá yín náà lọ, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lé ikùn ìyàwó yín, kí ìyá fi etí ara wọn gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù.