Ẹ yé bi ọmọ ní ìbéèrè lórí fóònù

Ẹ kú àárò ọmọ o, màmá. Ẹ ní látìgbà tí kòrónà ò ti jẹ́ kẹ́ ẹ fojú kan ọmọ-ọmọ yín ló ti ń sá tẹ́ ẹ bá pè é lórí fídíò kọ́ọ̀lù, ẹ wá ń rò pé ó ti gbàgbé yín. Kò gbàgbé yín jàre. Ojú tèmi náà ti rí i.

London lọmọ mi obìnrin wà, mo ti gba físà, mo ti lọ ẹ̀lùbọ́, mo fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ tuntun kí n sì rí Àjọkẹ́ àkọ́bí ẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe ti pápákọ̀ òfurufú Nàìjíríà pa ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2020, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Boris Johnson, olórí ìjọba wọn nígbà yẹn, ní kí kálukú jókòó sílé lọ́hùn-ún. A rò pé oṣù kan ni. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i fáwọn tó ń lọ òkèèrè, nígbà tó sì fi máa di oṣù kìíní 2021, England tún ti tìlùú pa. Ìyá ọkọ ẹ̀ tó wà ní London níbẹ̀ gan-an, ojú wíńdò ló ti ń juwọ́ sí wọn.

Ẹ wò ó, "ṣó o ti jẹun, kí lo jẹ, kí ni wọ́n kọ́ ẹ" máa ń sú ọmọ ọdún mẹ́ta. Èmi kàn ń gbé fóònù ti agolo mílíìkì ni, mò ń ṣa ẹ̀wà tèmi, Àjọkẹ́ náà ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ẹ̀, nígbà míì a ò ní sọ̀rọ̀ rárá àfi tí adìyẹ bá já wọlé tó á máa pariwo pé kí n lé e. Látìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago wa ò yàtọ̀ sí tiwọn, tó bá ti kọjá ìyẹn a ó fi wákàtí kan ṣíwájú.

Tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège, fóìsì nóòtì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kì í jẹ dátà púpọ̀. Ẹ kì í lóríkì, kẹ́ ẹ wá pàlọ́, tẹ́ ẹ bá ti ní "ààlọ́ o" kẹ́ ẹ dákẹ́ díẹ̀ kóun náà lè gbè é. Ìyá Àjọkẹ́ ní tó bá ti fẹ́ sùn ló máa ń ní kí wọ́n tẹ ti màmá, ó á wá máa dá "ààlọ̀" lóhùn lóun nìkan.

Ẹ má sì bá ìyá ọmọ-ọmọ yín bínú tí kò bá pè o, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé tọ́mọ ń fà á láṣọ, kí ló fẹ́ ṣe.

Ọmọ ọdún mélòó ni tiyín gan-an? Tó bá ti tó méje, àlọ́ nìkan lè má mú un, lúdò orí fóònù ni kẹ́ ẹ jọ máa ta, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa nà yín.